Ìkarahun Ọta Ológun: Láti Pápá Ìdánrawò dé Orí Tábìlì Ilé

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bá yìnbọn tán ní pápá ìdánrawò, iṣẹ́ kò tíì tán. Wọn yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì máa ṣa ìkarahun ọta tó fọ́n sínú koríko àti iyanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó kúrò níbẹ̀, yóò dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀, yóò sì kéde pé kò sí ìkarahun lára òun, kò sí ọta lára òun. Ààbò wà lára ohun tó fà á, nítorí ọta kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí àpò ẹni tí kò yẹ lè di ẹjọ́ ńlá. Owó náà sì wà níbẹ̀. Idẹ ni ìkarahun wọ̀nyí, ọjà idẹ kò sì tíì kú láyé.

Ìjọba Amẹ́ríkà ń ta ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àjọ kan wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò wọn, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Battle Creek ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí ń bójú tó títa ẹrù tí ológun kò lò mọ́. Àwọn oníṣòwò á ra ìkarahun náà lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì tún un tà fún àwọn ará ìlú tí ń ki ọta fúnra wọn nílé. Ọdẹ wà nínú wọn, àwọn tí ń díje nínú ìyìnbọn wà nínú wọn, àgbà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ogun náà wà nínú wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ki ọta tí òun fúnra rẹ̀ yóò yìn. Ẹni tó bá fẹ́ máa kì í tà ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Ó yẹ kí èyí yé olùgbọ́ tó wà ní Nàìjíríà dáadáa, pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni à ń sọ. Òfin Ìbọn tó ti wà nílẹ̀ wa láti ọdún 1959 kò fi àyè gba ará ìlú láti máa ṣe ọta ráífù nínú yàrá rẹ̀. DICON, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1964, ni wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọdẹ tí ń ki ṣakabùlà sì mọ ohun púpọ̀ nípa wíwọn ẹ̀tù, ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú tí òun ń lò àti ẹ̀tù inú ọta ráífù kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìwọ̀n tó bá ọ̀kan mu lè fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí wọ́n bá lò ó fún èkejì.

Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta ráífù òde òní. Àkọ́kọ́ ni ìkarahun idẹ. Ìkejì ni ife kékeré kan tó wọ inú ìdí ìkarahun náà ṣinṣin, tí èròjà tó máa ń tanná wà nínú rẹ̀. Práímà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè é. Ìkẹta ni ẹ̀tù. Ìkẹrin ni orí ọta, òjé tí wọ́n fi bàbà bò, òun ló máa ń fò lọ bá ẹran tàbí àmì. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá ti lu práímà, iná yóò ṣẹ́, yóò gba ihò kékeré wọlé tọ ẹ̀tù, ẹ̀tù yóò jó di èéfín gbígbóná tí agbára rẹ̀ lè ju 50,000 páùn lọ lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, orí ọta yóò sì jáde lọ. Práímà ti kú nìyẹn, ẹ̀tù ti jó, orí ọta ti lọ. Ìkarahun nìkan ló kù. Òun náà ló sì gba iṣẹ́ jù lọ láti ṣe nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe idẹ lásán. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, 70 jẹ́ bàbà, 30 jẹ́ síńkì. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé bí agbára iná bá tì í, ó máa ń fẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ara ihò ìbọn, kí èéfín má baà rí àyè sá padà sẹ́yìn sí ojú ẹni tó ń yìnbọn. Lẹ́yìn náà, ó tún máa ń sún kì díẹ̀ bí rọ́bà, kí ó lè ṣeé fà jáde. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀. Nítorí èyí ni iléeṣẹ́ fi máa ń fi iná yan ọrùn ìkarahun kí ó tó jáde. Àwọn tí ń ṣe ọta fún ọjà máa ń dán an títí àmì iná náà yóò fi parẹ́, torí ojú oníbàárà. Ológun kì í ṣe wàhálà yẹn. Àwọ̀ búlúù tó pa pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ pupa máa ń wà ní ọrùn ìkarahun ológun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò sì ní kà á sí àbùkù, nítorí ẹ̀rí ni pé wọ́n yan án bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá gbé ìkarahun kan lọ́wọ́, tó yí ìdí rẹ̀ sókè, ìwé ló ń wò yẹn. Lẹ́tà LC pẹ̀lú nọ́ńbà méjì ló wọ́pọ̀ jù. Lake City ni LC, iléeṣẹ́ ọta ti ológun Amẹ́ríkà ní ìlú Independence, ìpínlẹ̀ Missouri, ìlú Harry Truman tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà. Truman fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní òpin ọdún 1940, nígbà tó ṣì jẹ́ sẹ́nétọ̀. Nọ́ńbà náà ni ọdún: LC 67 túmọ̀ sí pé ọdún 1967 ni wọ́n ṣe é. Àmì róbótó tí àgbélébùú wà nínú rẹ̀ fi hàn pé ó bá ìlànà NATO mu. FA ni Frankford Arsenal ní Philadelphia, tí wọ́n tì pa lọ́dún 1977. WCC ni Western Cartridge ní East Alton, Illinois. Àwọn ìkarahun kan tún wà tí nọ́ńbà ẹyọ kan, 4, jókòó sí ìdí wọn. Ti ọdún 1944 ni wọ́n, ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná janjan.

Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ka ìdí yìí kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan. Ọta ráífù tí ológun Amẹ́ríkà ṣe ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní práímà tí èéfín rẹ̀ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀, iyọ̀ náà sì máa ń jẹ ojú ìbọn ní kánmọ́. Ẹni tó bá rí irú ọta bẹ́ẹ̀ tó sì yìn ín gbọ́dọ̀ fi omi fọ ìbọn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì fọ ìkarahun rẹ̀ pẹ̀lú bó bá fẹ́ tún un lò.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń ya ìkarahun sí méjì, ọwọ́ ọkùnrin méjì ló sì ti wá. Hiram Berdan jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ó sì darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó mọ ìbọn yìn dáadáa nínú Ogun Abẹ́lé wọn. Edward Boxer jẹ́ ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich. Lọ́dún 1866, àwọn méjèèjì, oníkálùkù ní ilẹ̀ tirẹ̀, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú práímà tí wọ́n ṣe. Ti Berdan, ihò kéékèèké méjì ló sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìkarahun. Ti Boxer, ihò kan ṣoṣo, ní àárín gbùngbùn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Amẹ́ríkà wá gba ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì gba ti ará Amẹ́ríkà. Ihò kan ní àárín ló jẹ́ kí iṣẹ́ títún ọta kì gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò gba ẹnu ìkarahun wọlé, yóò bọ́ sínú ihò náà tààrà, yóò sì ti práímà tó ti kú jáde ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti Berdan, ọ̀pá náà yóò kọlu idẹ ni, yóò ṣẹ́. Ìkarahun ọ̀pọ̀ ológun ilẹ̀ mìíràn jẹ́ ti Berdan, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ wọ́n nù síbi tí ti Lake City ti ń di ohun tí àwọn èèyàn ń jìjàdù lé lórí.

Síbẹ̀, ológun kò ronú kan ẹni tí yóò tún ìkarahun lò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ogun ni wọ́n ń múra fún. Nínú ìbọn arọ̀jò-ọta, bí práímà kan bá tú jáde tó sì bọ́ sáàárín ẹ̀rọ, ìbọn yóò há, jagunjagun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì lè kú. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti práímà sí àyè rẹ̀, wọ́n máa ń tẹ idẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn kí ó má lè yẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tún un kì nílé yóò kọ́kọ́ ṣí ohun tí iléeṣẹ́ ti tì. Bí ó bá ti práímà àtijọ́ jáde, ètè idẹ tí wọ́n tẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí tuntun wọlé. Àwọn kan máa ń fi irin mímú gé e kúrò. Àwọn mìíràn máa ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn láìgé ohunkóhun, èyí ló sì dára jù, nítorí ẹni tó bá ń gé lè gé kọjá ààlà kí àyè práímà fẹ̀ jù, kí èéfín sì máa gba ibẹ̀ jò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni iṣẹ́ yìí lórí ìkarahun kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ìkarahun bá tó ẹgbẹ̀rún, ìka yóò sọ.

Wàhálà tó tún ju ìyẹn lọ ni ti ìbọn arọ̀jò-ọta fúnra rẹ̀. Ihò irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa ń gbòòrò díẹ̀ ju ti ráífù ọdẹ lọ, kí ọta lè wọlé kí ó sì jáde pẹ̀lú eruku àti ooru. Ìkarahun tó bá jáde níbẹ̀ ti fẹ̀, ó sì ti gùn. Wọn yóò fi mọ́ọ̀dù irin fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n idẹ tó ti fà lápá kan ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀, kò sí mọ́ọ̀dù tó lè dá ohun tó ti lọ padà. Ibi tó sábà máa ń fẹ́lẹ́ ni òkè ìdí ìkarahun díẹ̀. Bí wọ́n bá yìn ín léraléra, yóò ya sí méjì níbẹ̀ nínú ìbọn, èéfín gbígbóná yóò sì wá ọ̀nà jáde sápá ojú oníbọn. Ìlà kan tó ń tàn yí ìkarahun ká ló máa ń kọ́kọ́ kéde rẹ̀ lóde. Nínú, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí máa ń tẹ ṣóńṣó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì, wọ́n á fi wọ́ ara idẹ láti inú. Bí ṣóńṣó wáyà náà bá kó sí kòtò, wọ́n á fi pílíà tẹ ìkarahun náà pa, wọ́n á sọ ọ́ sínú àpò idẹ àlòkù. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ pa kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lò. Ó yẹ kí á yìn wọ́n fún un.

Ọ̀wọ́n wà lára ohun tó sọ ọ̀pọ̀ ará ìlú Amẹ́ríkà di alágbẹ̀dẹ ọta. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, bàbà àti òjé ń lọ sójú ogun, ọdẹ kò rí orí ọta rà. Ní Oroville ní California, lọ́dún 1943, Fred Huntington ṣe ẹ̀rọ kan tó lè sọ ìkarahun ọta kékeré .22 tí wọ́n ti yìn di aṣọ fún orí ọta tuntun. Ẹranko kékeré kan tó ń gbé inú àpáta, tí wọ́n ń pè ní rock chuck, ni ó fẹ́ fi irú ọta bẹ́ẹ̀ pa. Orúkọ ẹranko náà ló wọnú orúkọ ẹ̀rọ, Rock Chuck Bullet Swage, tí wọ́n gé kúrú di RCBS, iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára irinṣẹ́ àwọn tó ń ki ọta dòní.

Nígbà tí ogun parí, ẹ̀tù ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìjọba lọ́pọ̀. Bruce Hodgdon, ọkùnrin kan ní Kansas, mọ̀ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, iná ni ìjọba fi jó èyí tó ṣẹ́kù. Kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ó ra 50,000 páùn ẹ̀tù 4895, irú èyí tí ológun ń lò nínú ọta .30-06 fún ráífù M1 Garand, kó tilẹ̀ tó mọ ẹni tí yóò rà á. Inú ọkọ̀ reluwé àlòkù kan tí wọ́n gbé sórí pápá ìjẹko ló fi ṣe ilé ìkópamọ́. Ó kéde rẹ̀ fún àwọn ayìnbọn nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì rà á. Ẹ̀tù ológun pàdé ìkarahun ológun lórí tábìlì àwọn tó ti ogun bọ̀, tí wọ́n mọ ráífù dáadáa, àmọ́ tí owó ọta tuntun wọ́n fún. Iléeṣẹ́ Hodgdon ṣì wà, ẹ̀tù 4895 náà kò sì tíì kúrò lọ́jà.

Ẹ̀tù ni ibi tí àṣìṣe ti ń gba ẹ̀mí. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, 7,000 gíréènì ló sì wà nínú páùn kan. Ìwé ìtọ́nà tí àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀tù àti ti orí ọta ń tẹ̀ jáde ni yóò sọ iye tó yẹ, láti ibi tó kéré jù dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àmọ́ ìkarahun tirẹ̀ ni ẹni tó kọ ìwé náà fi dán an wò, ìyẹn sì lè má jẹ́ ti ológun. Èyí hàn gbangba nínú ọta 7.62 mìlímítà tí NATO gbà wọlé lọ́dún 1954. Ó jọ .308 Winchester tó dé ọjà lọ́dún 1952 débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n idẹ ti ológun nípọn jù, inú rẹ̀ sì há jù. Ẹ̀tù kan náà nínú àyè tó kéré sí i, agbára yóò ga sí i. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá mú ìkarahun ológun yìí dín ẹ̀tù kù, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó sì máa yẹ ìkarahun wò bó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ewu mìíràn jẹ́ tuntun. Lọ́dún 2011, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọta kan tí ń jẹ́ .300 Blackout. Wọ́n lè gé ìkarahun ọta ráífù 5.56 mìlímítà ti ológun kúrú kí wọ́n sì fi ṣe é, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń wọ inú àpótí ọta kan náà pẹ̀lú 5.56. Bí ó bá ṣèèṣì wọ inú ráífù 5.56, orí ọta náà tóbi ju ojú ìbọn lọ, ìbọn sì lè fọ́ yángá. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá ń ki méjèèjì gbọ́dọ̀ kó wọn sí inú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó kọ orúkọ sára wọn, kó má sì gbé méjèèjì sórí tábìlì pọ̀ láé.

Òjé náà ń bẹ níbẹ̀, tí kì í pariwo. Èròjà inú ọ̀pọ̀ práímà ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì máa ń kù sínú ìkarahun tí wọ́n ti yìn. Bí wọ́n bá dà wọ́n sínú ẹ̀rọ tí ń yí, tí wọ́n ń fi èérún ṣùkù àgbàdo gbígbẹ fọ̀ wọ́n, eruku náà yóò gbéra sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti wá ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n báyìí. Baba tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé tí ọmọ kékeré wà kò gbọdọ̀ ṣe é ní ilé ìdáná, kò gbọdọ̀ jẹun nídìí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ mọ́ra. Ní ti iná, ìlànà NFPA, àjọ tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà, sọ pé 20 páùn ẹ̀tù tí kò ní èéfín, nínú ike tó bá wá láti iléeṣẹ́, ni èèyàn lè tọ́jú sílé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé 50 páùn, inú àpótí onígi tí ara rẹ̀ nípọn tó íǹṣì kan ló gbọ́dọ̀ wà. Práímà kò gbọdọ̀ ju 10,000 lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2009, gbogbo ọjà ìkarahun ológun yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọta ti wọ́n ní Amẹ́ríkà nígbà náà, nítorí àwọn èèyàn ń sá rà á lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2008. Láàárín èyí ni iléeṣẹ́ ètò ààbò sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìkarahun tí ológun ti yìn kò ní jáde lódindi mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ di èérún kí wọ́n tó tà á. Georgia Arms ní ìlú Villa Rica, tí ń ki irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ fún títà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo síta. Lẹ́tà dé ọ́fíìsì àwọn aṣòfin. Àwọn sẹ́nétọ̀ méjì láti Montana, Max Baucus àti Jon Tester, kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò ààbò, nígbà tó sì di àárín oṣù náà, wọ́n ti yí àṣẹ náà padà.

Ó dára bí wọ́n ṣe yí i padà. Owó orí ará ìlú ni wọ́n fi ra idẹ náà nígbà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, iye tí yóò padà wọ àpò ìjọba yóò kéré sí iye tí odindi ń mú wá. Kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni, nítorí ìkarahun òfìfo kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, tuntun tó jọ ọ́ sì wà ní gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ọdẹ ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn aṣòfin fi gbólóhùn kan kún òfin owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ológun lọ́dọọdún, pé wọn kò gbọdọ̀ fi owó náà ba ọta ìbọn kékeré tàbí àwọn ohun tó para pọ̀ di í jẹ́, bí òfin kò bá ti ka títà wọn léèwọ̀. Èyí tí wọ́n bá jẹ́rìí sí pé kò ṣeé lò mọ́ tàbí pé ó léwu nìkan ni iléeṣẹ́ ológun lè bà jẹ́. Odindi ṣì ń jáde lọ́dọ̀ wọn sí ọwọ́ oníṣòwò, LC pẹ̀lú ọdún rẹ̀ ní ìdí, èyí tó ti inú ìbọn arọ̀jò-ọta jáde àti èyí tó ti inú ráífù jáde dà rú mọ́ra wọn nínú àpò kan náà.